Ìgbà Ìwọ́wé Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Fọwọ́ Ara Wa Ṣe É

Kí oṣù kẹsàn-án tó parí ni àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa níbí, lápá Thamesmead àti Abbey Wood ní London, ti máa ń kó ọjà ìgbà ìwọ́wé síta, àbẹ́là olóòórùn dídùn, elégédé tí wọ́n fi ike ṣe, ewé tí wọ́n fi ike ṣe tí wọ́n sì so mọ́ okùn kéèyàn lè gbé e kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ á sì máa fà yín láṣọ pé mọ́mì ẹ ra èyí, mọ́mì ẹ ra tọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wá láti ilé ló máa ń rà á ṣáá torí a ò fẹ́ kí ọmọ wa dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ ní súkúù, bẹ́ẹ̀ owó hítà ń bọ̀ lọ́nà, owó ẹ̀wù òtútù ń bọ̀, Kérésì náà ti ń yọjú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kò sí ìgbà tó rọrùn tó ìgbà yìí láti mú inú ọmọ dùn láìnáwó, torí nǹkan ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi gbogbo, àwa ọmọ Yorùbá sì ti mọ ohun tá a lè fi wọ́n ṣe látilé wá, a kàn ń rò pé ohun ilé ò bá ìgbà òyìnbó mu ni. Ó bá a mu. Ó bá a mu dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látinú igbó. Igbó kan wà lẹ́bàá wa tí wọ́n ń pè ní Lesnes Abbey Woods, àwókù ilé ẹ̀sìn àtijọ́ kan ló wà níwájú ẹ̀, 1178 ni Richard de Luci dá a sílẹ̀, ẹ̀yìn àwókù yẹn gan-an ni igbó ti bẹ̀rẹ̀, igi sweet chestnut sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ńlá àti kékeré. Tó bá ti di ìdajì oṣù kẹwàá èso ẹ̀ á ti máa já bọ́. Àárọ̀ Sátidé la máa ń lọ, lẹ́yìn tá a bá ti jẹ àkàrà mu ẹ̀kọ tán, kálukú á wọ bàtà òjò, á mú ọ̀rá kan àti ìbọ̀wọ́ dání, torí ẹ̀gún ara èèpo ẹ̀ kì í ṣeré rárá. Ẹsẹ̀ méjèèjì lèèyàn fi ń là á, ẹ tẹ ẹ́ lápá ọ̀tún, ẹ tẹ ẹ́ lápá òsì, á ya, èso méjì mẹ́ta á yọ síta tó ń dán. Àkọ́bí wa obìnrin ló dá àlọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kàn dúró lójú ọ̀nà ló ní "Kí ló wọ agbádá ẹ̀gún síta, tó wọ àrán sínú?" Àbúrò ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, bàbá wọn náà ò mọ̀ ọ́n, ló bá la èèpo chestnut kan, ó ní ká ki ìka bọ inú ẹ̀, àfi bí àrán lóòótọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí London, tí kò tíì sùn mọ́jú ní Nàìjíríà rí, òun ló fẹnu ara ẹ̀ dá àlọ́ tuntun sílẹ̀ lórí èso igi òyìnbó. Mo kọ ọ́ sínú fóònù mi lójú ẹsẹ̀ kó má baà bọ́ lórí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí o. Chestnut méjì ló wà nílùú yìí, ọ̀kan ṣeé jẹ, ọ̀kan ò ṣeé jẹ. Èyí tó ṣeé jẹ, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ki ló bo èèpo ẹ̀ pátápátá, èso ẹ̀ ní ṣóńṣó kékeré kan lórí, ewé ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì ní eyín létí bíi ti ayùn. Ìkejì ni horse chestnut tí èso ẹ̀ ń jẹ́ conker, èèpo ẹ̀ nípọn, ẹ̀gún ara ẹ̀ kò pọ̀ ó sì kúrú, èso ẹ̀ rí roboto, kò ní ṣóńṣó kankan, ewé ẹ̀ sì pín sí márùn-ún tàbí méje lórí igi ewé kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ conker o, májèlé ni, ẹ má sì jẹ́ kí ajá yín jẹ ẹ́. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀.

Ti òfin ńkọ́? Òfin olè jíjà ti 1968 nílẹ̀ England fàyè gba kéèyàn ṣa èso igbó fún jíjẹ ilé ẹ̀, tí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ tà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ páákì ló ní òfin tiwọn lọ́tọ̀. Wọn ò gbà kéèyàn ṣa nǹkan nínú àwọn páákì ọba bíi Greenwich Park, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn chestnut arúgbó wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbìn látìgbà ọba Charles Kejì, ní àwọn ọdún 1660. Torí náà ẹ máa ka pátákó ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ náà sì ti tó, ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ níbẹ̀ tí kò ní ibòmíràn tó máa ti jẹun.

Tá a bá délé, ọ̀bẹ ṣóńṣó ni mo fi máa ń ya àgbélébùú kékeré sí ẹ̀yìn èso kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àgbàlagbà nìyẹn, ẹ má fún ọmọ, ẹ má sì fò ó, torí èyí tí ẹ ò bá ya lè bú gbàù nínú ófùn. Ooru 200, bí ìdajì wákàtí, èèpo á ṣí fúnra ẹ̀. Gbígbóná ni kẹ́ ẹ bó o, tó bá ti tutù èèpo inú ò ní fẹ́ kúrò mọ́. Adùn ẹ̀ sún mọ́ ti ànàmọ́ sísun. A máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, àwọn kan ní ṣúgà ló yẹ, èmi ò bá wọn jà.

Conker ní tiẹ̀, bí a ò tiẹ̀ lè jẹ ẹ́, kò sọ́mọ tó máa rí i nílẹ̀ tí kò ní ṣà á. Àwọn ọmọ ibí máa ń dá ihò sí i láàárín, wọ́n á ki okùn bàtà bọ̀ ọ́, ẹnì kan á na tiẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, ẹnì kejì á fi tiẹ̀ gbá a, ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ fọ́ ló fìdí rẹmi. Wọn ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú eré yìí rárá, láti 1965 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé ẹ̀ ní Northamptonshire. Àwọn ọmọ mi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tó wá di tilé wa gan-an ni ayò.

Ẹ gbé páálí ẹyin méjìlá tí ẹ rà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ihò mẹ́fà lápá ibí, ihò mẹ́fà lápá ọ̀hún. Ọpọ́n ayò ni! Kò kù ju ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta lọ, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Conker ti tóbi jù fún un, èso igi oak tí wọ́n ń pè ní acorn ló bá a mu, igi oak sì pọ̀ ní àwọn páákì London. Ẹ ṣà á, ẹ yọ fìlà orí ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn lẹ́bàá fèrèsé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ, kòkòrò funfun kékeré á jáde látinú àwọn kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá ti ní ihò lára ẹ dà á nù. Àwọn ọmọ á fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun páálí náà bó ṣe wù wọ́n. Tí páálí bá ya, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀ ẹ́ ra ẹyin míì.

Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi ti kọ́ ayò lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, lábẹ́ igi, láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń bú ara wọn tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń pín in lọ pẹ̀lú ẹnu, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, tí kì í ṣe pé ẹnì kan ní kó jókòó kọ́ òǹkà, torí tí kò bá kà á ó máa jìyà ni. Tí èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sílé ẹnì kejì tó sì mú ilé yẹn di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ọmọ wa obìnrin ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó ilé jọ de bàbá ẹ̀ báyìí, tó bá sì jẹ ẹ́ tán á pariwo "èmi lọ̀ta, ẹ̀yin lòpè!" Ẹnu kì í ya bàbá ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ta ayò nìyẹn, ẹnu ń lọ ọwọ́ ń lọ. Ó wù mí kí ẹ dán èyí wò ju gbogbo nǹkan yòókù tí mo kọ síbí lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan ń bẹ nílé wa, a ò sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ayò kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹ̀.

Ó wá kan ewé fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ́tò igi tó wà níwájú ilé wa ránṣẹ́ sí màámi n'Íbàdàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni "ṣé igi yẹn ti kú ni?" Mo ní rárá mà, ẹ ò rántí bí àràbà àti tíìkì ṣe máa ń wọ́wé nígbà ọyẹ́ ni, ohun kan náà ni, tibí ń sá fún òtútù, tiwa ń sá fún gbẹrẹfu. Àwọn ọmọ náà máa ń béèrè ìdí tó fi ń pọ́n kó tó já. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún wọn rèé. Mo gbé ìgò epo pupa jáde, mo mú ewé tó ti pọ́n, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí ọ̀sán bá ti ń kúrú, igi kì í ṣe àwọ̀ ewé tútù tuntun mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ ẹ̀ látìgbà tí ewé ti rú á wá hàn síta. Carotenoid ni wọ́n ń pè é, ìdílé ẹ̀ kan náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, òun náà ló sì mú kí epo wa pọ́n bẹ́ẹ̀. Ewé tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ńkọ́? Ìyẹn ni anthocyanin, èyí tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe lásìkò yìí, ìdílé ẹ̀ náà ló wà nínú zobo àti nínú blackberry. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti rí ewé tó pọ́n lójú títì, "ewé zobo" ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ ọwọ́ tá a fi ewé ṣe kò le. Ẹ da ewé délẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí iṣan ti yọ wà lókè, ẹ gbé pépà lé e, ẹ bọ́ aṣọ ara kíréyọ́nù funfun tàbí ìyeyè kúrò, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ra orí pépà yẹn, iṣan ewé á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ po ọ̀dà olómi aláwọ̀ aró kó ṣàn dáadáa, ẹ fi kun gbogbo orí pépà. Ọ̀dà ò ní wọ ibi tí kíréyọ́nù bá wà torí ìda ni kíréyọ́nù. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá aláró l'Ábẹ́òkúta á mọ ibi tí mo ń lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà nìyẹn, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró, aró ò ní dé ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Mo fi fọ́tò àdìrẹ han àwọn ọmọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fúnra wọn pín pépà sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí aṣọ yẹn ṣe rí. Pépà yẹn la máa ń tọ́jú fi di ẹ̀bùn Kérésì, a kì í ra èyí tí wọ́n ń tà.

Blackberry ń tètè dé ní tiẹ̀, láti ìparí oṣù kẹjọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Ridgeway tó gba Plumstead lọ sí Crossness ni tiwa wà. Màmá òyìnbó kan tó lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, Grandma ni àwọn ọmọ ń pè wọ́n, àwọn ló kọ́ wa pé ká má ká èyí tó wà nísàlẹ̀ níbi tí ajá ti ń tọ̀, ká má sì ká a mọ́ tí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án bá ti kọjá, torí ọjọ́ yẹn, ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́, ni wọ́n ju Èṣù bọ́ látọ̀run tó já lé orí ẹ̀gún blackberry, inú bí i, ó tutọ́ sí i. Àwọn àgbà ibí náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn dènà inú rírun, torí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn òjò á ti ba èso náà jẹ́, á ti máa bu. Àwọn ọmọ mi gbà á gbọ́ gidi gan-an, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Crumble la fi ń ṣe, pẹ̀lú ápù tó ń já bọ́ nínú ọgbà Grandma. Ẹ gé ápù, ẹ da blackberry sí i, ẹ wọ́n ṣúgà díẹ̀ lé e. Ẹ wá mú fúláwà gíráàmù 200, bọ́tà 100, ṣúgà 100, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣóńṣó ìka fọ́ ọ mọ́ra títí á fi rí bíi gàrí tó rin díẹ̀, ẹ dà á lé èso lórí, ooru 180, bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni oúnjẹ yìí gbajúmọ̀ nílẹ̀ yìí, nígbà tí ìjọba ń fi ìwọ̀n pín bọ́tà àti ṣúgà fáráàlú, torí ohun tó ń gbà kò tó ti páì. Kọ́sítáàdì ni wọ́n ń dà lé e, kọ́sítáàdì kan náà tá à ń mu láàárọ̀ nílé dípò ògì. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí ẹja tàbí adìẹ bá ti wà nínú ófùn, iná kan náà á sè é pọ̀.

Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá náà ni súkúù máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọdún ìkórè dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú oúnjẹ agolo wá, wọ́n á kó o lọ sí food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fáwọn tí kò ní. Ẹni tó bá dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé mọ ìkórè dáadáa, iṣu, ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ níwájú pẹpẹ, lẹ́yìn ìsìn wọ́n á lu gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo, ẹnì kan á ra ẹyọ ọsàn kan ní iye tó tó ra àpò ọsàn torí Olúwa. Robert Hawker, àlùfáà Morwenstow ní Cornwall, ló bẹ̀rẹ̀ ìkórè inú ṣọ́ọ̀ṣì bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí ní 1843. Ọdún yẹn kan náà, nínú oṣù kìíní, ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni pé kí wọ́n mú ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́ràn látinú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe agolo tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni nílé ò fẹ́ jẹ. Ó máa ń dùn wọ́n díẹ̀. Ó yẹ kó dùn wọ́n díẹ̀, ọrẹ ni.

Elégédé ńkọ́? Àwa kì í ṣe Halloween nílé wa, mi ò sì bá ẹni tó ń ṣe é jà, ṣùgbọ́n elégédé ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, oúnjẹ wa ni tipẹ́tipẹ́, ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ tí ẹ ń jẹ nílé, ewé ẹ̀ ni. Tí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá bá ti kọjá, àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì á já owó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ìgbà yẹn ni mo ń rà á, méjì ńlá. A máa ń gé orí ẹ̀, a ó yọ ikùn ẹ̀, àwọn ọmọ á wá fín in bí wọ́n ṣe ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Dípò ojú iwin àti eyín ganngan, wọ́n á fi bírò ya ọnà sí ara ẹ̀ yíká, igun mẹ́ta mẹ́ta, ilà títẹ̀, alángbá, ẹyẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìdí ṣíbí àti ọ̀bẹ tí kò mú ha èèpo òkè kúrò, wọn ò ní dá a lu. Ara ìyeyè á wá hàn lábẹ́ èèpo pupa. Ìyẹn ò ṣòro fún ọwọ́ kékeré, ó sì dáàbò bò wọ́n ju ọ̀bẹ mímú lọ. A ó gbé e sẹ́nu fèrèsé fún ọjọ́ kan péré, lọ́jọ́ kejì ó ti di oúnjẹ.

Àṣàrò ni. Elégédé tí wọ́n ń tà fún fínfín máa ń lómi, adùn ẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti ilé, torí náà mo máa ń fi ànàmọ́ tàbí iṣu díẹ̀ kún un kó lè ki. Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, edé, irú, epo pupa, iyọ̀, ẹ má da omi púpọ̀ sí i, á mú omi tiẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó ro ó. Ọ̀kan máa ń bọ́ wa fún ọjọ́ méjì, ìyókù á wọ fírísà. Hóró inú ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á lára, ẹ yan án nínú ófùn. Tàbí kẹ́ ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ jókòó bó o bí wọ́n ṣe ń jókòó bó ẹ̀gúsí ní ìrọ̀lẹ́ nílé, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, irọ́ kọ́, ọbẹ̀ ẹ̀ kì í sì pọ̀, àmọ́ ẹ wo ọmọ tó bó ẹ̀gúsí fúnra ẹ̀ bó ṣe máa lá àwo ẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, wọ́n á máa yin bàǹgà kárí ìlú nítorí Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ ní 1605. A kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òkè ni fúláàtì wa wà, a ń rí ti gbogbo àdúgbò látojú fèrèsé, títí dé òdìkejì odò Thames. Gúgúrú la máa ń fi wò ó, àgbàdo gbígbẹ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Plumstead, òróró ṣíbí kan, ìkòkò tó ní ìdérí, ẹ̀pà sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Owó ẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń gbà lórí páálí gúgúrú kan ní sinimá.

Èyí tó wá jinlẹ̀ lọ́kàn mi jù kò gba kọ́bọ̀ kankan. Oòrùn London kì í wọ̀ nínú oṣù kẹfà títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́. Àwọn ọmọ á ti wẹ̀, wọ́n á ti jẹun, wọ́n á ti wọ pajámà, ìta á ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ta ló ń pa àlọ́ nínú oòrùn? Nílé wa wọn ò gbà wá láyè ká pàlọ́ lọ́sàn-án rárá, nílé sì rèé, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ilẹ̀ ti ṣú, oúnjẹ alẹ́ ti wọlé, àlọ́ ti yá. Odindi ìgbà oòrùn níbí, kò sí àyè ẹ̀. Àfi tó bá di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá tí wọ́n bá dá aago padà ní wákàtí kan. William Willett ló pariwo ọ̀rọ̀ aago yìí jù, akọ́lé ni, Chislehurst ló ń gbé, kò jìnnà sí wa, 1907 ló tẹ ìwé pélébé lé e lórí, ó kú ní 1915, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kùn lọ́jọ́ tí aago bá padà, torí kí aago márùn-ún tó lù ilẹ̀ á ti ṣú. Èmi kì í kùn. Wọ́n dá alẹ́ wa padà fún wa ni.

Torí náà láti ọjọ́ yẹn títí oṣù kejì, tẹlifíṣọ̀n á kú ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Yàrá kan ṣoṣo là ń tan hítà sí, gbogbo wa á kó dúfẹ̀ẹ̀tì wá síbẹ̀, a ó pa iná, àtùpà oníbátìrì kan ló máa kù. Àlọ́ àpamọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, màá ní òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, àbíkẹ́yìn á wo abọ́ ọwọ́ mi, á kígbe "ẹ̀wà!" Lẹ́yìn náà Ìjàpá á dé. Tìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí wọ́n sè fún Yánníbo ìyàwó ẹ̀, tí ikùn ẹ̀ wú, ni wọ́n máa ń ní kí n tún pa, wọ́n ti mọ orin ẹ̀ látòkèdélẹ̀, wọn ò mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbè é. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni Yorùbá tí wọ́n gbọ́ ti ń wọlé sí wọn lára, ju kíláàsì Sátidé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń lọ síyẹn náà.

Tí ẹ bá ti gbàgbé àlọ́, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ pe àwọn òbí yín. Màámi ń pa tiwọn fún wa lórí WhatsApp, vóísì nóòtù, wọ́n á ní "ààlọ́ o!" wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè dáhùn "ààlọ̀!" bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò sí níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá pa lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù ló dùn jù ṣá. Ẹ kàn rántí pé nígbà oòrùn aago wa àti ti Nàìjíríà dọ́gba, tí wọ́n bá ti dá aago padà níbí, tiwọn ti fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Kí aago méje wa tó lù la máa ń pè wọ́n, torí tiwọn ti di mẹ́jọ nígbà yẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn tán, wọn kì í gbé fóònù mọ́.